Bí Mo Ṣe Mú Ìyá Ìyàwó Mi Lọ Wo Òkè Afinámí

Kí ẹni tó fẹ́ wúkọ́ wú u nísinsìnyí. Kí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀ tètè lọ, kí ó tètè padà. Bí mo bá ti la ẹnu mi, n kò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹlòmíràn, nítorí ìtàn yìí kò dùn mọ́ mi lẹ́nu. Bí ẹnìkan bá já a gbà mọ́ mi lẹ́nu, mo lè má ní ìgboyà láti tún un mú.

Èmi ni Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọdẹ́jìnmí. Ẹ mọ̀ mí. Èmi tí mo bá ẹfọ̀n jìjàkadì tí ẹfọ̀n ní kí n jọ̀wọ́ òun. Èmi tí n kò lọ sí ilé ìwé kankan, tí mo fi èédú kọ́ ara mi ní ìwé kíkà lára ògiri ilé bàbá mi títí ògiri fi dúdú, tí bàbá mi sì fi ẹgba kọ́ mi ní èyí tó kù. Ọba ìlú kan bú mi rí, mo bú u padà, a jọ rẹ́rìn-ín sí i. N kò bẹ̀rù ènìyàn, n kò bẹ̀rù iwin. Ṣùgbọ́n arúgbó kan wà tí n kò lè rántí kí orí mi má wálẹ̀. Ìyá tó bí Àwẹ̀ró ìyàwó mi ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó mọ ọ̀wẹ̀ àna. Bí ọkùnrin bá fẹ́ ọmọ ènìyàn, yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọn yóò gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, wọn yóò lọ kọ ebè ní oko àna rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi bẹ̀bẹ̀. Èmi kò ṣe é. Ọwọ́ mi kò mọ ọkọ́, baba ìyàwó mi ti kú, ìyá rẹ̀ kò sì ní oko. Aláró ni. Apá rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgbúnwọ́ bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ inú òru. Nítorí náà, nígbàkígbà tí mo bá lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, ilẹ̀ a máa gbóná lábẹ́ àyà mi, nítorí mo mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà lọ́rùn mi tí n kò ṣe.

Ní ọdún kan, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ya bí aṣọ àkísà, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo nà gbalaja sí ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, ìwọ àti ọkọ́ kò mọ ara yín, mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀wẹ̀ tèmi yàtọ̀. Ojú kan ni ó kù mí. Àrùn ilẹ̀ gbígbóná ti mú èkejì lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Èyí tó kù yìí, awọ funfun kan ti ń ti etí rẹ̀ bọ̀ wá sí àárín. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, aró ni mò ń wò. Aró láàárọ̀, aró lọ́sàn-án. Mo gbọ́ pé òkè kan wà tí ń fi iná mí, tí iná ń ṣàn lára rẹ̀ bí odò. Mo fẹ́ kí ojú yìí rí pupa kan tí ọwọ́ ènìyàn kò rẹ, kí ó tó ti ilẹ̀kùn. Mú mi dé ibẹ̀ kí ojú yìí tó kú. Bí o bá ṣe é, o ti kọ ebè fún mi títí ayé."

Mo ní, "Ìyá, ṣé èyí náà ni ẹ ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ? Ẹ di ẹrù yín."

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń pe ìyá ìyàwó yín ní ọ̀rẹ́. Ní ìlú wa, ọkùnrin kì í wo ìyá ìyàwó rẹ̀ lójú. Ilẹ̀ ni yóò máa bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá jọ ń rìn, òun ni yóò wà níwájú, ìyá yóò wà lẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó bá wo ìyá ìyàwó rẹ̀ lójú, àwọn àgbà a ní ó ń wá ìyàwó kejì níbi tí ó ti rí ti àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Mo sì jẹ́ ọmọ tó gba ẹ̀kọ́, bí ẹ tilẹ̀ ń wo ẹnu mi pé ó gùn.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bọ́ sọ́nà, èmi níwájú, ìyá lẹ́yìn. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹnu igbó àkọ́kọ́ ni a ti pàdé abuké tiwa.

Igbó tí Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ ń gbé ni. Mo rí àgbàlagbà kan tó jókòó sí àárín ọ̀nà, ara rẹ̀ funfun bí ẹni tó yí nínú eérú, ètè rẹ̀ là bí ilẹ̀ àbàtà tí oòrùn pa. Bí ó bá mí, ewé á já. Bí ó bá yọ ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ itan... ẹ dákẹ́, ta ló rẹ́rìn-ín? Mo ní bí ó bá yọ ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ itan, omi inú agbè mi á dì.

Ó ní, "Ẹni tó bá fi aṣọ bora níwájú mi ń sọ pé n kò lágbára. Ìyá arúgbó, máa kọjá lọ ní tìrẹ, ìwọ ti gbó ju òtútù lọ. Ìwọ ọkùnrin yìí, bọ́ ṣòkòtò."

Ẹ gbọ́, mo bú u. Mo ní, "Ìwọ àgbàyà tí òróró kì í kàn lára, ìwọ tó ń fi ẹsẹ̀ lílà ta àwọn arúgbó lọ́rẹ, ìwọ tí òjò kan ṣoṣo ń lé sá lọ bí olè, èmi Ọdẹ́rìndé ni o ní kí n bọ́ ṣòkòtò níwájú àna mi?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ètè rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní, "Èébú rẹ dùn. Ó pẹ́ tí ẹnìkan ti bú mi dáadáa. Bọ́ ṣòkòtò."

Mo yọ àdá, àdá dì mọ́ inú àkọ̀. Mo gbé ìbọn, ìbọn wú ikọ́ gbígbẹ. Kò sí ohun tí mo lè ṣe. Bí mo bá ní kí ìyá lọ níwájú, èmi ni n ó máa wò ó, àṣà kò gbà. Bí mo bá sì lọ níwájú, ẹ̀yin náà ẹ ronú ohun tí ojú rẹ̀ yóò máa bá pàdé láti ìbẹ̀rẹ̀ igbó dé òpin rẹ̀. Mo fara pamọ́ sí ẹ̀yìn igi, èmi ọkùnrin tó bá ẹfọ̀n jà.

Ìyá wúkọ́ díẹ̀. Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, bọ́ ọ kí a máa lọ. Ojú tó kù mí kò tó èyí tí mo lè fi ṣòfò sí ìdí ẹnikẹ́ni. Bí ìtìjú bá mú ọ, máa kọ ìjálá. N ó di ojú mi, n ó máa tẹ̀lé ohùn rẹ."

Ẹ wo ọgbọ́n àgbà. Mo ká aṣọ lérí, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìjálá, mo ki erin, mo ki ẹkùn, mo ki ìgalà, ìdí mi níta bí ọjọ́ tí a bí mi, ìyá Àwẹ̀ró ń fi ọ̀pá tọ ilẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn mi. Nígbà tí a yọ sí òdìkejì tí mo wọ aṣọ mi padà, mo ní, "Ìyá, ẹ lè lajú." Ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n má dákẹ́ orin náà. Ohùn rẹ dùn." Inú mi dùn. Mo ní lọ́kàn mi pé, bí ẹ bá ti rí ọdẹ tó mọ orin, ẹ ti rí mi.

Ìlú tí a dé lẹ́yìn náà ni ìlú àwọn Ẹlẹ́yìnjú. Ojú àwọn ènìyàn ibẹ̀ wà ní ìpàkọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọ, wọn á kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí ọ, kí o má bínú. Ọba wọn kẹ̀yìn sí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní àlejò kì í kọjá ní ìlú òun láìpa àlọ́.

Ó ní, "Kí ni ó sún mọ́ ọ jù lọ tí o kò wò rí?"

Mo ní, "Ìpàkọ́ mi ni, Kábíyèsí."

Gbogbo ìlú hó. Ọba ní, "Ìdáhùn àlejò nìyẹn. Níbí, imú wa ni. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ìwọ, ìdáhùn kẹta wà fún ọ." Ó ń fi ojú ìpàkọ́ rẹ̀ wo ẹ̀yìn mi, níbi tí ìyá jókòó sí.

Èèyàn tó ní làákàyè ì bá béèrè ìdáhùn kẹta náà. Èmi? Wọ́n ti ń gbé ẹran ìgbẹ́ sísun bọ̀. Wọ́n ti ń pè mí ní Adáhùn-má-bẹ̀rù. Àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú tò jáde láti bá mi díje, mo sì ń dá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wó ilé ìkán. Ẹnu àìmẹ́nu ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá ránṣẹ́ sí mi pé, "Ọkọ ọmọ mi, ọ̀nà ń dúró dè wá." Mo ní, "Lọ́la, Ìyá." Ilẹ̀ mọ́, olùdíje mìíràn dé, mo tún ní, "Lọ́la."

Obìnrin tó gbà wá sílé wá bá mi lójú agbo. Ó ní, "Àlejò, ìyá tí o mú wá yìí, láràárọ̀ ni ó ń na ọwọ́ síwájú ojú rẹ̀ tó ń wo ìka rẹ̀. Ọwọ́ náà sì ń sún mọ́ ojú sí i lójoojúmọ́."

Mo ní, "Aláró ni. Ó ń wò ó bóyá aró ti ń ṣí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó ní, "Ṣé o ti bi í?"

Mo ní, "Ìyá ìyàwó mi ni, ìwọ obìnrin yìí. Kí ni n ó máa wo ọwọ́ rẹ̀ sí?"

Ó kẹ̀yìn sí mi, ó wò mí títí. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú tán, a tún bọ́ sọ́nà. Ìyá ní kí n máa kọrin. Mo kọ ọ́. Bí mo bá dákẹ́ láti mumi, á ní, "Ọkọ ọmọ mi, orin dà?" Ọ̀fun mi gbẹ, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọkọ tuntun. Ní ibi kan, iwin Ẹlẹ́sẹ̀-agada já lu wá. Bí a ṣe jà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní, opó rẹ̀ wà láàyè, ẹ lọ bi í. Nígbà tí mo bẹ́ orí rẹ̀ sílẹ̀, mo ké sí ẹ̀yìn pé, "Ìyá, ṣé ẹ rí i?"

Ó ní, "Mo gbọ́ ọ."

Mo rò pé igbe iwin náà ni ó ń sọ.

Ní ọjọ́rọ̀ ọjọ́ kan, ọyẹ́ fi wá sílẹ̀ lójijì. Ilẹ̀ ń gbóná láti abẹ́ bàtà. Eérú ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, igi kankan kò sí níbẹ̀ tó ní ewé. Mo gun òkìtì kan, mo gbójú sókè lápá ọ̀tún, mo sì rí Afinámí. Ẹ má retí kí n sọ bí ó ṣe rí báyìí. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan rí, ẹ ó gbọ́ bí ó ṣe já sí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé iná dìde dúró níbẹ̀, ó ń mí.

Lápá òsì wa, àpáta dúdú kan wà, iná ti kọjá lórí rẹ̀ rí, ó ti kú, ṣùgbọ́n ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀ bí ooru ẹnu ààrò. Mo gbọ́ tí ìyá gun òkìtì náà tẹ̀lé mi, tí ó dúró. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ìyá, mo ti mú yín dé. Ẹ wò ó."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó pupa o. Ọkọ ọmọ mi, o ṣeun. Ó pupa púpọ̀."

Ojú ilẹ̀ ni mò ń wò. Òjìji rẹ̀ ni mo rí, tí iná nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òjìji náà kọjú sí apá òsì. Mo rò pé ojú mi ń tàn mí. Mo gbé orí sókè, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti gbé ọmọ rẹ̀ níyàwó, mo wo ìyá Àwẹ̀ró lójú.

Àpáta dúdú ni ó kọjú sí. Ó na ọwọ́ sí ooru rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú kan tó kù náà funfun bí inú àgbọn.

Àìsàn wà tí ń pa ọdẹ, ejò wà, ìbọn tó yìn sẹ́yìn wà. Ǹ bá gba gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà dípò kí n rí ohun tí mo rí. Mo ní, "Ìyá. Láti ìgbà wo?"

Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mo ti wo òun. Ó fi etí gèlè bojú. Ó ní, "Ní ìlú àwọn Ẹlẹ́yìnjú. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí o ń bá ọlọ́gbọ́n onírùngbọ̀n yẹn díje. Mo na ọwọ́, n kò rí ìka kankan."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Ta ni kí n sọ fún? Ìpàkọ́ rẹ?" Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló burú jù. "Ìtìjú náà mú mi, ọkọ ọmọ mi. O ti ń ru oúnjẹ mi, o ti bọ́ṣọ ní gbangba nítorí mi. Kí n tún wá ní kí o máa fà mí lọ́wọ́ bí ewúrẹ́? Mo ní bí ohùn rẹ kò bá ti dákẹ́, n ó dé ibẹ̀. Bí mo bá dé ibẹ̀, n ó ní mo rí i, inú rẹ yóò dùn, a ó máa lọ sílé."

Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ń pa òwe náà ní ìlú wa láràárọ̀, wọ́n sì ń kọ́ wa láti máa wo ilẹ̀. Ìtìjú tèmi níwájú, ìtìjú tirẹ̀ lẹ́yìn, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ rìnrìn àjò náà. Àwa kàn ń tẹ̀lé wọn ni.

Mo dìde, mo pariwo mọ́ òkè náà. Mo ní, "Afinámí, bí o bá jẹ́ nǹkan kan, fún obìnrin yìí ní ojú rẹ̀ padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó gun ọ́ wá bá ọ níbẹ̀."

Òkè náà mí lẹ́ẹ̀kan, irun ojú mi jó. Ohùn kan ti inú ilẹ̀ wá, kò yára rárá. Ó ní, "Iná ni èmi ní. Ẹni tó ní ojú ni kí o lọ bi."

Mo sì wo yíká. Àwa méjì la wà níbẹ̀. Ojú kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn àfi èmi.

Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ àna mi mú, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ní ìran mi, mo yí ojú rẹ̀ sí apá ọ̀tún. Mo ní, "Ibí ni, Ìyá. Ìyẹn lọ́hùn-ún àpáta lásán ni." Mo bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn. Mo ní ó ga ju ọ̀run lọ, mo ní ó tóbi tó ẹgbẹ̀rún erin tó gun ara wọn.

Ó gbá mi lórí. Ó ní, "Má bá mi sọ ọ̀rọ̀ agbo àlọ́. N kò rìn wá síbí nítorí erin. Àwọ̀ wo ni?"

"Pupa, Ìyá."

"Pupa wo? Pupa osùn, pupa epo, àbí pupa ojú ẹni tó sunkún mọ́jú?"

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ gbọ́ mi. Èmi tí mo borí gbogbo ọlọ́gbọ́n ìlú kan, n kò mọ irú pupa tó wà níwájú mi, nítorí n kò wò ó. Gbígbójú ni mo gbójú sí i, n kò wò ó. Nítorí náà, mo wò ó. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo sunkún, mo sì ń wò. Mo ní, "Ní orí pátápátá, kò pupa rárá, Ìyá, ó funfun bí irin tí alágbẹ̀dẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Níbi tó ti ń ya wálẹ̀, ó dà bí epo tuntun tí kò tíì dì. Níbi tó ti pẹ́ díẹ̀, ó dà bí osùn tí a fi omi pò."

"Etí rẹ̀ ńkọ́?"

"Etí rẹ̀ ń dúdú. Ṣùgbọ́n dúdú náà ń ya, bí ìgbà tí ara aṣọ tó gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ bá ń ya, pupa á yọ láàárín rẹ̀, á tún pa dé."

"Ó ń yára ṣàn?"

"Rárá. Ó ń rọra bọ̀ bí àgbà tó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ń bi mí, bẹ́ẹ̀ ni mò ń wá a rí fún un. Nígbà tí ó tó, ó fọwọ́ kan ọwọ́ mi. Ó ní kí a máa lọ. Kò ní òun dárí jì mí, kò sì ní òun kò dárí jì mí.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú dé ilé. Àwọn Ẹlẹ́yìnjú tún pè mí sí agbo bí a ti ń kọjá, n kò dá wọn lóhùn. Ọyẹ́ ní kí n bọ́ ṣòkòtò, mo bọ́ ọ, n kò bú u. Ó yà á lẹ́nu.

Nígbà tí a wọ ìlú wa, gbogbo àdúgbò kún ilé ìyá Àwẹ̀ró dé ìta. Wọ́n rí ojú rẹ̀, ariwo sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dìde, ó ní, "Ta ló fọ́ ojú àbúrò mi?" Mo ti wà nílẹ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀, mo ti lanu láti wí pé èmi ni.

Ìyá ní, "Kò sẹ́ni tó fọ́ ọ. Mo fi wo òkè náà tán ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn. Irin alágbẹ̀dẹ. Epo tuntun. Osùn inú omi. Etí dúdú tó ń ya, tó ń pa dé. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi ni ó ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ dáadáa jù mí lọ, ó ń na apá aláró rẹ̀ sókè láti fi ibi tí iná ga dé hàn. Ó ní òun fi ojú òun méjèèjì rí i, èyí tó kú pẹ̀lú èyí tó wà láàyè. Àwọn ènìyàn ń mí kanlẹ̀. Ìyá àgbà kan bú sórin: àna rere, àna tó kọ ebè iná. Àwọn obìnrin tí wọ́n ní ọmọbìnrin ń fi mí ṣe àdúrà. Àwẹ̀ró ìyàwó mi ń fi ojú ìfẹ́ wò mí láti ẹnu ọ̀nà, irú ojú tí kò fi wò mí rí.

Mo dìde jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ara mi ń jó ju ìgbà tí mo wà lẹ́sẹ̀ òkè lọ.

Ìyá pè mí. Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, ṣé irọ́ kankan wà nínú ohun tí mo sọ?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Èmi tí n kò bẹ̀rù ọba, mo bẹ̀rù ojú wọn. Mo ní, "Kò sí irọ́ níbẹ̀, Ìyá. Ẹ rí i."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó ti inú wá ni, èmi ló sì ń rín in sí. Ṣùgbọ́n òpó tó wà láàárín ilé ni ojú rẹ̀ kọ sí.

Mo dìde. Mo rọra rìn kí ẹnikẹ́ni má fura, mo sì lọ jókòó sídìí òpó náà.